Ọkọ̀ Kejì Ń Bọ̀

Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí a kò bá lé ejò, ejò ń lé wa. Òwe náà ka ẹni méjì péré, ẹni tó ń sá àti ohun tó ń lé e. Kò ka ẹni kẹta. Ẹni kẹta ni ìyá tó ń fẹ́ iná àgbàdo létí títì ní Akínmọ̀ọ́rìn, tàbí ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Òun kò sá, òun kò lé, òun sì ni ẹ̀gún ń gún.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ látijọ́ mọ bó ṣe rí. Kí wọ́n tó la márosẹ̀, àárín ìlú ni ọ̀nà ń gbà: ó gba Fìdítì, ó gba Akínmọ̀ọ́rìn, ó gba Ìlọrà kó tó já sí Ọ̀yọ́. Ọ̀nà ló pe ìlú wá síta. Ilé, ṣọ́ọ̀bù, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn kọjú sí títì. Ọsàn Fìdítì tí ará Èkó pàápàá mọ̀, etí títì náà ni wọ́n ti ń tò ó jọ de àwọn arìnrìn-àjò. Nígbà tí márosẹ̀ dé, ọkọ̀ akérò àti tírélà bá tiwọn lọ, ṣùgbọ́n títì àtijọ́ kò kú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí òun àti agbófinró pàdé lójú márosẹ̀, inú ìlú ló máa yà sí. Ẹni tó ń lé e náà á yà tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Títì inú ìlú kò ju nǹkan bíi mítà méje lọ ní fífẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó gbé àpò ìwé kọ́ ẹ̀yìn á lo bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kó tó sọdá. Ọkọ̀ tó ń lọ ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí òfin ìrìnnà fi lélẹ̀ fún àárín ìlú, á rin bíi mítà 70 láàárín àkókò yẹn. Èyí tó ń sá ní 120 á rin mítà 166. Bí kọ́nà bá wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sí ibi tí ọmọ náà dúró sí, kò sí bí yóò ṣe rí ọkọ̀ náà nígbà tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lé ọ̀dà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí olùkọ́ ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Títì ṣófo. Nígbà tó fi máa dé àárín, ọkọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ méjì ni. Ariwo àkọ́kọ́ á mú kí gbogbo ènìyàn fò sẹ́yìn. Ó kọjá, eruku rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, àwọn ènìyàn á sì bọ́ sójú títì láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta nìyẹn? Kí ló ń lé e?" Ọkọ̀ kejì ló máa ń dáhùn ìbéèrè yẹn.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń lé lágbègbè wa? Ẹ máà rò pé adigunjalè nìkan ni. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Ní ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ìrẹsì òkèèrè gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ibodè pa, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹnu ò sì dẹ́kun jíjẹ ìrẹsì. Ṣakí àti àwọn ìlú Òkè Ògùn kan súnmọ́ ibodè Benin. Ẹni tó bá kó ẹrù lọ́hùn-ún tó ń bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn ló sábà máa ń gbà kọjá. Ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti wá ṣe ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ó ń dán. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá àti ẹni tó ń lé kò tún ní kòtò tí yóò dá wọn dúró mọ́. (Mo mọ̀ pé ó ṣàjèjì kí ọmọ Nàìjíríà máa dárò kòtò. Àmọ́ ẹ rántí pé òun nìkan ni ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí a ní tí kì í gba rìbá.)

Ọkọ̀ fàyàwọ́ kì í ṣe ọkọ̀ bí ọkọ̀. Wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Wọ́n ti fi irin kún irin abẹ́ rẹ̀ kí ìdí rẹ̀ má baà wọ́ nílẹ̀. Àpò ìrẹsì kan wúwo tó 50 kìlógíráàmù. Bí wọ́n bá kó ogún àpò sínú rẹ̀, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn, nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn márùn-ún. Ẹ ní kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì lójijì nítorí ewúrẹ́, ká má tíì sọ ti ènìyàn. Ẹrù ẹ̀yìn á tì í síwájú. Awakọ̀ tó wà nínú rẹ̀ náà mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fèrè ló máa ń tẹ̀, kì í ṣe bíréèkì.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni. Ní Ìsẹ́yìn, àwọn ènìyàn wà nínú aṣọ ọdún, ọmọdé kún ìta bí wọ́n ṣe máa ń kún un lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn aṣọ́bodè lé onífàyàwọ́ wọ inú ìlú. Ìbọn dún láàárín ènìyàn. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé ó tó ẹni márùn-ún tó kú. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀, bóyá àwọn onífàyàwọ́ ló dènà de àwọn òṣìṣẹ́ ni àbí àwọn òṣìṣẹ́ ló ṣíná bolẹ̀. Mo ka àríyànjiyàn náà títí, ohun kan sì ń jẹ mí lọ́kàn: kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ń béèrè ìdí tí eré náà fi wọ ìgboro lọ́jọ́ ọdún. Ìbọn ni gbogbo wa ń wò. Kí ìbọn tó dún, ẹnì kan ti kọ́kọ́ pinnu pé ẹrù yẹn tó ohun tí à ń lé wọ àárín àwọn ọmọdé.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ní Jibia, ìpínlẹ̀ Katsina, lẹ́bàá ibodè Niger, ìbọn kọ́ ló pa ènìyàn. Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè tó ń lé onífàyàwọ́ ya bàrá, ó sì wọ àárín èrò. Àwọn kan ní ẹni mẹ́fà ló kú, àwọn kan ní ó tó mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká fi Jibia sọ́kàn, torí òun ló fi ohun tí mo ń wí hàn jù. Ní Jibia, ẹni tí wọ́n ń lé kọ́ ló pa ará ìlú. Ẹni tí owó orí ará ìlú ra ọkọ̀ fún ni. Bí ọlọ́pàá bá yìnbọn, ó kéré tán Force Order 237 wà nílẹ̀, ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tó sọ ìgbà tí òṣìṣẹ́ lè yìnbọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé náà fún ọdún púpọ̀ pé ó gba ìbọn láàyè jù. Ta ló ti ka ìwé àṣẹ eré fún ará Akínmọ̀ọ́rìn létí rí? Ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, tó ń lọ ní 120, ọta ìbọn ńlá ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a kì í ka ọta rẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá padà dé àgọ́.

Lẹ́yìn ìrẹsì, àwọn ọmọ Yahoo, àwọn tó ń lu jìbìtì lórí ayélujára, ni wọ́n tún ń lé. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn lọ́dọ̀ mi, torí èyí tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ìfura kò ju pé ọmọ kékeré ń wa ọkọ̀ olówó ńlá lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú sígboro ní Òṣogbo nítorí ọ̀dọ́kùnrin kan tó fara pa yánnayànna nígbà tí àwọn agbófinró ń lé e. Oṣù kan kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ìwọ́de EndSARS fi gba gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá nígbà náà, Mohammed Adamu, sì tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ká ní 11 oṣù Kẹwàá. Ẹni tí wọn kò lé rárá náà ń bá a lọ: ní 31 oṣù Kẹta ọdún 2019, Kolade Johnson lọ wo bọ́ọ̀lù ní Onípẹ̀tẹ̀sì, l'Ékòó; àwọn ọlọ́pàá wá mú ẹlòmíì, ìbọn wọn bà á, ó kú. Kóòtù gíga rán ọlọ́pàá tó yìnbọn náà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Mo dá a sọ nítorí ó ṣọ̀wọ́n.

Kì í ṣe àìsàn Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìṣirò ti ẹ̀ka ìdájọ́ wọn ka òkú tó ti ipa lílé ọkọ̀ wá láti 1996 dé 2015. Ó lé ní 7,000, ìyẹn bíi 355 lọ́dún, bí ẹni pé ẹnì kan ń kú lójoojúmọ́. Nínú ẹni mẹ́ta tó kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan kò sí nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń lé, kò sì sí nínú ti ọlọ́pàá. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ tirẹ̀ ni. Àwọn ọlọ́pàá tó kú síbẹ̀ kò ju bíi ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ dúró síbi ìṣirò yẹn díẹ̀. Ẹni tó ń pinnu pé ká lé ni kì í sábà kú. Ìwé ìròyìn San Francisco Chronicle tún kà á láti 2017 dé 2022, wọ́n bá òkú 3,336, àwọn tó ń kọjá lọ nínú wọn sì lé ní 500.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Penge, tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn ọmọ wa kún bámúbámú, ọkọ̀ jíjí kan tí ọlọ́pàá ń lé gun orí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Ọmọdékùnrin ọdún mẹ́wàá kan àti arábìnrin òbí rẹ̀ kan kú. Wọ́n rán awakọ̀ náà sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá. Ní Chico, ní California, ní ọdún 2002, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kristie Priano, ọmọ ọdún 15, wà nínú ọkọ̀ òbí rẹ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá ń lé jẹ́ ọmọdé bíi tirẹ̀ tó gbé ọkọ̀ ìyá rẹ̀ jáde láìgbàṣẹ. Ìyá ọmọ náà ló fúnra rẹ̀ ké sí ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá mọ orúkọ ọmọ náà, wọ́n mọ ilé rẹ̀. Wọ́n lè lọ jókòó dè é ní ilé ìyá rẹ̀. Wọ́n lé e, ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu ti àwọn Priano, Kristie sì kú.

Kí n má baà jọ ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ọ̀daràn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn agbófinró náà. Wọ́n ní, bí a bá kéde pé a ò ní lé ẹnikẹ́ni mọ́, ta ni yóò tún dúró? Ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ bẹ́ẹ̀ gan-an lọ́dún 2007, nínú ẹjọ́ Scott àti Harris, pé bí a bá ní kí ọlọ́pàá padà nígbàkúùgbà tí ẹni tó ń sá bá ti ń wakọ̀ bí wèrè, a ti kọ́ gbogbo ọ̀daràn láti máa wakọ̀ bí wèrè nìyẹn. Ẹ tún rántí pé onífàyàwọ́ kì í ṣe ọmọ jẹ́jẹ́. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ti kú lọ́wọ́ wọn, òṣìṣẹ́ náà sì ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ẹni tó jí ènìyàn gbé, tí ẹni tó jí ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, bí ọlọ́pàá kò bá lé e, ta ni kó lé e? Ní Afíjíò, ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìjínigbé ti sọ ọ̀nà oko àti ọ̀nà àjò dà. Mo fara mọ́ lílé irú wọn. Ará ìlú á tiẹ̀ bá wọn lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ajínigbé ń gbé ẹ̀mí sá lọ, onífàyàwọ́ ń gbé ìrẹsì sá lọ. Bí a bá jẹ́ kí ajínigbé lọ, ẹnì kan lè kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí a bá jẹ́ kí ìrẹsì lọ, owó ibodè ló sọnù, a ó sì tún bá ìrẹsì náà lọ́jà lọ́la. Ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ṣe ìyàtọ̀ yìí lọ́dún 2010 lẹ́yìn tí ọkọ̀ àwọn tó ń sá fún ọlọ́pàá ti pa àwọn aláìṣẹ̀: àfi ìwà ipá ńlá nìkan ni ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ lé ọkọ̀. Ariwo pọ̀ pé àwọn olè ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún 2017 wọ́n tú okùn náà, lílé ọkọ̀ sì pọ̀ sí i lọ́nà tó yani lẹ́nu. Nígbà tó di 2023, ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí ẹ̀ka ìdájọ́ ìjọba Amẹ́ríkà náwó sí padà sí ibi tí Milwaukee wà tẹ́lẹ̀: kí ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ti ìwà ipá, kí ewu rẹ̀ sì wà nítòsí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n jáwọ́.

Nílé wa níbí, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ léraléra pé kí wọ́n má lé ọkọ̀ tó bá kọ̀ láti dúró. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà kì í sáré. Ẹni tó ni ọkọ̀ wà nínú ìwé. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á rẹ́rìn-ín níbi yìí, torí nọ́ńbà ọkọ̀ fàyàwọ́ lè jẹ́ ayédèrú, tàbí kí ọkọ̀ má tiẹ̀ ní nọ́ńbà rárá. Ó dáa. Ọ̀nà tó ti Ìsẹ́yìn wá sí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn mélòó ni? A lè fi ọwọ́ kan kà á. Ẹni tó ní tẹlifóònù tàbí rédíò lọ́wọ́ kò nílò kó bá ẹnikẹ́ni sáré gba àárín ìlú. Ẹni tó wà níwájú ló yẹ kó pè. Kí wọ́n dúró de ọkọ̀ náà níbi tí kò sí ilé, kò sí ọjà, kò sí ilé ìwé. Àìsí ẹni tí wọ́n máa pè níwájú, tàbí kí ẹni tó wà níwájú ti gba tirẹ̀ tán kí ọkọ̀ náà tó kọjá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, a sì mọ orúkọ tí ọmọ Nàìjíríà ń pè é.

Nísinsìnyí, ẹni tí ọkọ̀ tàbí ìbọn bá bà ń kọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pàdánù lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 33, fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà kí òṣìṣẹ́ lo agbára tó yẹ láti mú ẹni tí òfin ń wá. Agbára tó yẹ ni wọ́n kọ. Ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́ lórí àìbìkítà òṣìṣẹ́ ìjọba, kó mọ̀ pé òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Public Officers Protection Act, tó ní oṣù mẹ́ta péré lèèyàn ní láti gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Oṣù mẹ́ta! Láàárín oṣù mẹ́ta, ìdílé kò tíì san gbèsè ìsìnkú àti ti ogójì ọjọ́ tán dáadáa. Àwọn ẹbí á ní ká máa fi s'Ọ́lọ́run lọ́wọ́, àwọn aṣojú á máa wá kí wọn, wọ́n á gbé ìrẹsì wá (bẹ́ẹ̀ ni, ìrẹsì), oṣù á sì pé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kejì wà: ẹjọ́ ìdáàbòbò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 2009, kò ní gbèdéke àkókò. Agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ á mọ èyí tó yẹ ní lílo. Tí ìbọn bá sì ba ènìyàn, òfin ọdún 2017 ti pa á láṣẹ pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ láì kọ́kọ́ béèrè ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan dá yín padà sí àgọ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àti àwọn aṣọ́bodè kọ ọ́ sílẹ̀, ní èdè tí a gbọ́, ìgbà tí wọ́n lè lé ọkọ̀ wọ ìlú àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà. Kí ẹnì kan tí kò sí nínú ọkọ̀, tí ara rẹ̀ kò gbóná, jẹ́ ẹni tí yóò máa sọ pé "ẹ jáwọ́". Kí wọ́n mú ìwé náà wá sí ààfin ọba Akínmọ̀ọ́rìn, sí Fìdítì, sí Ìlọrà, sí Awẹ́, kí wọ́n kà á fún wa. Ìgbìmọ̀ tó wà láàárín ọlọ́pàá àti ará ìlú, PCRC, ń ṣèpàdé. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí kún ohun tí wọ́n ń sọ, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ iná ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n á máa sọ. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká gbé tábìlì ọjà sẹ́yìn kúrò létí ọ̀dà. Ìṣísẹ̀ méjì kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà kì í fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Títí dìgbà yẹn, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni 615, ti FRSC ni 122. Ẹ kọ wọ́n sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí ọkọ̀ kan bá ré kọjá yín bí ẹni tí ejò ń lé, ẹ má sáré jáde lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ọkọ̀ kejì kò tíì kọjá.